Ẹnu Ìwé Ni Kí Ẹ Gbọ́: Àkàyé Gẹ̀ẹ́sì fún Ìdánwò Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, tí a tún kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo júbà. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ òru kọjá síbí láìtíì fojú ba oorun, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mo rí àwọn apoògùn, mo rí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, mo sì rí àwọn ọkọ tó sin ìyàwó wọn wá, tí wọ́n fẹ́ mọ ibi tí owó ìdánwò ń gbà lọ. Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ Líṣàbi, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Líṣàbi ṣùgbọ́n tí Ẹ̀gbá ti gbà tọwọ́tẹsẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Nínú apá kíkà ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fẹ́ ṣe kí ẹ lè lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, kì í ṣe aláìmọ̀kan ló ń kùnà jù. Ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó ti tọ́jú oríṣiríṣi aláìsàn, tí wọ́n máa ń sáré pè bí ọ̀rọ̀ bá le ní wọ́ọ̀dù, òun gan-an ni máàkì máa ń bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ìdí ni pé ó ti ní ìdáhùn lọ́kàn kí ó tó ka ìwé. Ó ka ìlà méjì, ó mi orí, ó ní "mo mọ èyí," ó sì yan ohun tó máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ṣètò ìdánwò kò béèrè ohun tó máa ń ṣe níbi iṣẹ́. Ohun tí bébà iwájú rẹ̀ sọ ni wọ́n béèrè.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Ẹ ń sọ pé, "Gẹ̀ẹ́sì wo ni wọ́n tún fẹ́ dán wò lára mi? Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé. Òun ni mo fi ṣe WAEC, òun ni mo fi gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, òun náà ni mo fi ń kọ ìròyìn aláìsàn sínú fáìlì lójoojúmọ́." Òótọ́ ni. Ó dun èmi náà pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n kà sí elédè Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ Nàìjíríà kò sì sí níbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta níbí, níbi tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn lọ́dún 1859, tí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì kún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e! Ìlú tó ti ń ka ìwé ìròyìn láti ìgbà yẹn ni wọ́n ní kí ó wá fi hàn pé òun mọ ìwé kà. Ẹ bínú, ẹ̀tọ́ yín ni. Àmọ́ kò sí ìbéèrè kankan nínú ìdánwò tí ìbínú lè dáhùn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ká ní àyọkà kan sọ báyìí pé ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántòrò ti wà láti ọdún 1895, àti pé àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àgùdà ló dá a sílẹ̀. Ó parí síbẹ̀. Wọ́n wá kọ gbólóhùn mẹ́ta sísàlẹ̀, wọ́n ní kí ẹ sọ èyí tó jẹ́ òótọ́, èyí tó jẹ́ irọ́, àti èyí tí ìwé kò sọ. Gbólóhùn kìíní: ilé ìwòsàn náà ti wà kí ọdún 1900 tó dé. Òótọ́ ni, kò sí àríyànjiyàn. Gbólóhùn kejì: ìjọba ló dá a sílẹ̀. Irọ́ ni, torí ìwé ti dárúkọ àwọn tó dá a sílẹ̀. Gbólóhùn kẹta: òun ni ilé ìwòsàn tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà.

(Gbogbo gbọ̀ngàn ló pariwo pé òótọ́ ni. Ìyá kan lẹ́yìn tilẹ̀ ní ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí.)

Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ Abẹ́òkúta wo ni kò tíì gbọ́ ọ rí pé ilé ìwòsàn Lántòrò ló pẹ́ jù ní Nàìjíríà? Gbogbo wa la fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n níbo ni àyọkà yẹn ti sọ bẹ́ẹ̀? Ó sọ ọdún, ó sọ olùdásílẹ̀, kò fi wé ilé ìwòsàn mìíràn kankan. Ìdáhùn tó gba máàkì ni pé ìwé kò sọ. Ẹni tó wá láti Jàpáànì, tí kò gbọ́ orúkọ Lántòrò rí láyé rẹ̀, yóò gba ìbéèrè yẹn láìlàágùn. Ọmọ Lántòrò ni yóò pàdánù rẹ̀.

Inú IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó fẹ́ kàwé tàbí ṣiṣẹ́ lókè òkun, ni irú ìbéèrè yìí wọ́pọ̀ sí. Àyọkà gígùn 3, ìbéèrè 40, ìṣẹ́jú 60 géérégé. Àwọn tó ti ṣe é mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá irọ́ ni tàbí ìwé kò sọ ni orí ti máa ń gbóná jù. Ọ̀nà tí mo ń gbà ya méjèèjì sọ́tọ̀ rọrùn. Bí ẹ bá pè é ní irọ́, ẹ gbọ́dọ̀ lè fi ìka kan ìlà tó ta kò ó. Bí ìka yín bá ń rìn kiri lórí bébà tí kò rí ibi gúnlẹ̀ sí, ìwé kò sọ ọ́ nìyẹn, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́ tó nílé ayé.

Ṣùgbọ́n ìdánwò tó wà lẹ́nu yín jù ni OET, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún òṣìṣẹ́ ìlera. Ilẹ̀ Ọsirélíà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980. Iṣẹ́ ìlera 12 ló wà lábẹ́ rẹ̀, dókítà, nọ́ọ̀sì, apoògùn, títí kan oníṣègùn ẹranko. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fiyè sí ni pé kíkọ àti sísọ nìkan ló yàtọ̀ láti iṣẹ́ sí iṣẹ́. Kíkà àti gbígbọ́, ìkan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Agbẹ̀bí lè jókòó kí ó bá àyọkà nípa eyín pàdé. Ẹ má fòyà bó bá rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ó tilẹ̀ sàn kí ó jẹ́ ohun tí ẹ kò mọ̀, torí pé ojú yín yóò lẹ̀ mọ́ ìwé nígbà náà.

Gbogbo apá kíkà jẹ́ ìṣẹ́jú 60, ìbéèrè 42. Àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NMC tí gbogbo yín mọ̀, ń béèrè gírédì B nínú kíkà, ìyẹn ni pé kí ẹ ní ó kéré tán 350 nínú 500. Ẹni tó bá gba ọ̀nà IELTS, 7 ni wọ́n fẹ́ rí.

Apá A ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: àyọkà kéékèèké 4 lórí àìsàn tàbí ìtọ́jú kan ṣoṣo, ìbéèrè 20, ìṣẹ́jú 15. Ẹ ṣírò rẹ̀, ìbéèrè kan kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Bí àkókò yẹn bá pé, apá A ti di ẹ̀yìn, kò sí ìpadà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àyọkà àkọ́kọ́ láti òkè délẹ̀, bí ẹni ń ka Sáàmù lówùúrọ̀, yóò gbọ́ pé àkókò ti tó nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ àyọkà kẹta. Ìbéèrè ni kí ẹ fi ṣe amọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ fojú sáré wo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: èwo ni tábìlì ìwọ̀n oògùn, èwo ló ń sọ àmì àìsàn, èwo ló ń sọ ìgbésẹ̀ tí a ó gbé, èwo ni ti ewu. Lẹ́yìn náà, bí ìbéèrè bá ti ní "ìwọ̀n" nínú, ẹ ti mọ ojú ewé tí ẹ máa fò lọ. Ọ̀rọ̀ inú àyọkà gan-an ni kí ẹ kọ sílẹ̀, kí ẹ sì dà á kọ lẹ́tà sí lẹ́tà. Mo ti rí ẹni tó rí haemorrhage níwájú rẹ̀ kedere, tó wá kọ ọ́ bó ṣe ń pè é lẹ́nu. Máàkì lọ.

Ohun tí ẹ máa fi dánra wò fún apá yìí wà nílé yín. Ẹ ṣí páálí oògùn ibà, ẹ yọ ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, èyí tí a máa ń sọ nù. Ẹ mú èyí tó jẹ́ ti artemether àti lumefantrine, torí pé òun ló pọ̀ ní ilé gbogbo wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé: fún àgbàlagbà, wákàtí mélòó ló wà láàárín ìlò àkọ́kọ́ àti ìlò kejì? Mo bi àwọn kan nínú yín kí n tó gorí pèpéle. "Àárọ̀ àti alẹ́" ni mo gbọ́, ìyẹn wákàtí 12. Ìwé ní wákàtí 8. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó wá di àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì tó kù, kí ó lè jẹ́ ìlò 6 láàárín ọjọ́ 3. Ẹ̀yin apoògùn ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwa yòókù ti lo oògùn yìí títí tí a fi gbà pé a kò nílò ìwé rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ mẹ́rin jọ. Ẹ bẹ ọmọ yín tó wà ní SS2 kó ka wọ́n, kó kọ ìbéèrè 20 jáde láti inú wọn, kó sì fi fóònù ka ìṣẹ́jú 15 fún yín. Inú ọmọ á dùn láti máàkì ìyá rẹ̀, kò ní ṣàánú yín rárá.

Apá B ni mo fẹ́ kí á jókòó tì, torí níbẹ̀ ni iṣẹ́ àti ìdánwò ti ń kọlu ara wọn jù. Àyọkà kúkurú 6 ni, bí ọ̀rọ̀ 100 sí 150 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló tẹ̀ lé e, ìdáhùn mẹ́ta ló wà tí ẹ ó yan ọ̀kan nínú wọn. Irú ìwé tí à ń rí níbi iṣẹ́ ni wọ́n ń lò: ìlànà ilé ìwòsàn, lẹ́tà láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, ìwé tó ń ṣàlàyé bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ. Mo fúnra mi ṣe ọ̀kan fún tòní, ẹ má wá a kiri.

Ìlànà náà lọ báyìí. Fíríìjì àjẹsára gbọ́dọ̀ wà láàárín 2 àti 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí òṣìṣẹ́ bá rí i pé ó ti kọjá ìwọ̀n yẹn, kí ó má ṣe da àjẹsára náà nù, kí ó má sì fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kí ó kó gbogbo rẹ̀ sọ́tọ̀ síbi tó tutù dé ìwọ̀n tó yẹ, kí ó kọ ọ́ sí i lára pé a kò gbọdọ̀ lò ó, kí ó sì kàn sí apoògùn tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tí yóò pinnu bóyá ó ṣì ṣeé lò. Ìbéèrè wá ni pé: gẹ́gẹ́ bí ìlànà yìí, kí ni ojúṣe òṣìṣẹ́ náà? A, kí ó da èyí tó ti gbóná nù. B, kí ó rí i dájú pé kò kan aláìsàn kankan títí apoògùn yóò fi sọ̀rọ̀. C, kí ó kó o lọ síbi tó tutù, kí ó sì máa bá iṣẹ́ àjẹsára lọ.

Mo ní kí ẹ nawọ́. Ọwọ́ tó na sókè fún C kò kéré, ọwọ́ àwọn àgbà nọ́ọ̀sì ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, kúlà àti yìnyín ni ẹ fi ń gba àjẹsára là, àwọn ìyá sì ti tò síta pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, oòrùn ń pa wọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ jókòó máa dúró de apoògùn kò mọ bí ọjọ́ àjẹsára ṣe máa ń rí ní Àdìgbẹ. Ọgbọ́n ni ohun tí ẹ ń ṣe. Àmọ́ ìlànà tó wà níwájú yín ní kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. C lòdì sí i pátápátá, B nìkan ló bá a mu.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe de pańpẹ́ náà, torí ọgbọ́n ibẹ̀ nìyí. "Dà nù" wà nínú ìlànà, ó wà nínú A. "Ibi tó tutù" wà nínú ìlànà, ó wà nínú C. Ojú tó ń sáré rí ọ̀rọ̀ tó ti rí tẹ́lẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó mú un. B kò gbé ọ̀rọ̀ kankan láti inú ìlànà àfi orúkọ apoògùn. Ó fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ohun kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn tó tọ̀nà ṣe sábà máa ń rí nínú ìdánwò wọ̀nyí, aṣọ mìíràn ni wọ́n máa ń wọ̀ fún un. Nígbà tí ìdáhùn kan bá jọ àyọkà jù, ẹ fura sí i. Ẹ tún ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké bíi unless, except, prior to àti no longer. Ojú máa ń fò wọ́n bí ó bá ti rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ lórí wọn ni gbogbo ìbéèrè apá B lè dúró sí.

Apá C, àyọkà gígùn 2, bí ọ̀rọ̀ 800 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè 8 lórí èyí àti 8 lórí ìyẹn, ìdáhùn mẹ́rin-mẹ́rin. Ìṣẹ́jú 45 ni B àti C jọ ń pín, kò sí ẹni tó máa sọ fún yín iye tí ẹ máa lò lórí èwo. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí B má gbà ju ìṣẹ́jú 10 lọ, torí C ló ń jẹ àkókò.

Nínú C, èrò ènìyàn ni wọ́n ń béèrè: kí ni dókítà yìí rò, kí ni olùkọ̀wé ní lọ́kàn, kí ló fẹ́ fi gbólóhùn yìí sọ. Ẹ jẹ́ kí á mú àyọkà lórí iṣẹ́ òru. Olùwádìí kan ní bí nọ́ọ̀sì bá sùn díẹ̀ láàárín iṣẹ́ òru, àṣìṣe á dín kù. Alákòóso ilé ìwòsàn kan ní kò sí òṣìṣẹ́ tó máa dúró fún ẹni tó bá lọ sùn. Ẹni tó kọ àyọkà wá ní ìwádìí náà fúnni nírètí, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi ṣe é kò pọ̀ tó ohun tí a lè gbára lé. Ìbéèrè: kí ni èrò ẹni tó kọ àyọkà? Nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n, ti yan ìdáhùn olùwádìí kí ó tó parí kíkà. Ohun tó fẹ́ gbọ́ ni olùwádìí sọ! Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ènìyàn mẹ́ta ló sọ̀rọ̀, ti ẹni kẹta ni wọ́n béèrè.

Nígbà tí ẹ bá ń dánra wò, ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí etí ìwé níbi gbogbo tí ohùn bá ti yí padà. Yóò kọ́kọ́ falẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú yín á ti máa ṣe é fúnra rẹ̀. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ ṣe wúwo tó. Ìwé lè sọ pé ó ṣeé ṣe kí oògùn kan dín ìrora kù, ìdáhùn tí wọ́n fi dẹ yín á ní oògùn náà ń dín ìrora kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó fún aláìsàn mọ̀ pé ó ń dín in kù, ẹ ó sì yan án. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀.

Báwo ni ká ṣe máa dánra wò nígbà náà? Mo máa ń rí àwọn tó ń ṣe odindi ìdánwò kan lálaalẹ́, wọ́n á máàkì, wọ́n á kọ iye tí wọ́n gbà sára ògiri, wọ́n á sùn. Oṣù á yí, iye ara ògiri kò yí. Kò lè yí, torí pé ohun tí wọ́n ti mọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n lálaalẹ́, wọn kò kọ́ tuntun. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìdánwò kan tí ẹ tú palẹ̀ láti òkè délẹ̀ wúlò ju èyí tí ẹ kàn máàkì lọ fíìfíì.

Bí mo ṣe ń ní kí wọ́n ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é láìka àkókò. Lórí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó jẹ́rìí sí i nínú àyọkà. Bí ẹ kò bá rí gbólóhùn tí ẹ máa fa ìlà sí lábẹ́, orí yín ló dáhùn, ìwé kọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá wo ìdáhùn, ẹ mú ìwé ẹ̀kọ́ kan, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi kùnà ọ̀kọ̀ọ̀kan èyí tí ẹ kò gbà. Ẹ má kàn kọ pé "mi ò mọ̀ ọ́n." Bóyá ẹ kò rí ibi tó wà rárá. Bóyá ẹ rí i, ẹ ṣì í lóye. Bóyá àkókò ló tán. Bóyá ohun tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ti ìwé ṣubú. Ẹ má bi mí léèrè, ẹ ṣí ìwé yẹn lẹ́yìn oṣù kan, yóò sọ irú akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ jẹ́ fún yín. Ẹni tí àkókò ń tán fún nílò ìdánrawò tó yàtọ̀ pátápátá sí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ ń ṣì lọ́nà, bẹ́ẹ̀ kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì ń sanwó fún ní ìlú yìí. Ìgbà tí ìdí àṣìṣe bá ti ń dín kù ni kí ẹ tó gbé aago síwájú.

Ohun kíkà kò wọ́n. Àwọn tó ni OET àti àwọn tó ni IELTS fúnra wọn gbé àpẹẹrẹ ìdánwò sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ojú ewé NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé àìsàn lóríṣiríṣi ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, NCDC tiwa náà, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn, sì ń gbé ìlànà jáde lórí ibà Lassa àti kọ́lẹ́rà tí ẹ lè kà bí apá B. Àwọn ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbi iṣẹ́ yín pàápàá, ìgbà wo lẹ kà wọ́n tán kẹ́yìn? Ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ lọ fi kọ ìbéèrè. Fáìlì aláìsàn nìkan ni kí ẹ má gbé lọ sílé o! Ìyẹn kì í ṣe ìdánrawò, ẹjọ́ ni.

Àwọn kan á sọ fún yín lórí WhatsApp pé àwọn ní ìbéèrè ìdánwò tó ń bọ̀, èkspó gidi, ẹ san báyìí. Ẹni tó bá ní i ì bá ti jápa, kò ní jókòó máa bẹ̀ yín lóru. Ẹ dí nọ́ńbà rẹ̀.

Bí ẹ bá máa ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má fi bébà nìkan dánra wò, torí pé fífi pẹ́ńsù fa ìlà àti fífi ojú wá nǹkan lórí gíláàsì kì í ṣe ohun kan náà. Bí ó bá jẹ́ Èkó lẹ ti máa ṣe é, ẹ má tibí gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ wọ rélùwéè ní Láderin lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ̀ sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà, kí ẹ wá ibi sùn sí. Ẹni tí gò-sílóò ti jẹ lọ́pọlọ, kò sí unless tí yóò rí.

Mo fẹ́ gba ìbéèrè díẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè bóyá kí òun fi ìbéèrè tí òun kò mọ̀ sílẹ̀ lófìfo. Rárá. Wọn kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nínú OET, nínú IELTS. Kí ìṣẹ́jú kan tó kù, ẹ ti yan nǹkan sí gbogbo ibi tó ṣófo.

Ẹnìkan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìlera, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan, ní wọ́n sọ fún òun nípa TOEIC. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ibi iṣẹ́ ni, ó bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànì lọ́dún 1979, níbẹ̀ àti ní Kòríà ló sì ti gbilẹ̀ jù. Apá kíkà rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè 100 ní ìṣẹ́jú 75. Nínú àyọkà rẹ̀, ẹ ó máa rí lẹ́tà íméèlì, ìkéde, ìpolówó àti ìwé owó ọjà. Ìgbà mìíràn wọ́n á kó ìwé méjì tàbí mẹ́ta jọ, tí ìdáhùn á fi wà nínú ìkejì nígbà tí ìbéèrè dá lórí ìkíní. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́ bóyá TOEIC gan-an ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n tó náwó.

Lẹ́yìn náà ni mátírónì kan tó ti fẹ̀yìn tì dìde. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun. Àmọ́ ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí n gbàgbé gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe láyé mi kí n tó wọlé ìdánwò?"

Rárá, mà. Iṣẹ́ yín ló máa jẹ́ kí ẹ ka àyọkà kíákíá ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé lọ. Ẹ ti mọ orúkọ oògùn, ẹ mọ ibi tí ìwọ̀n máa ń wà lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ gígùn kò lè dẹ́rù bà yín. Ẹ lò ó láti fi kà. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan A, B tàbí C nìkan ni kí ẹ bi ara yín léèrè pé, "Ta ló sọ èyí, ṣé ìwé ni àbí èmi?"

Wọ́n mi orí, wọ́n ní ó yé àwọn. Wọ́n wá ní síbẹ̀síbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn, ẹni tó kọ ìlànà kò tíì ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta rí, C ló yẹ kó jẹ́. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà sí ẹni tó kọ ìlànà náà, ìyẹn èmi, àmọ́ kí wọ́n ṣì bá mi yan B.